Erùpẹ̀ Òṣùpá: Ta Ló Ni Ín, Ta Ló sì Lè Tà Á?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mẹ́rin pé òun máa ra erùpẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Erùpẹ̀ orí òṣùpá ni. Ọ̀kan nínú wọn, Lunar Outpost tó wà ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní dọ́là kan péré lòun máa gbà. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ òfurufú kan bá ti fẹ́ balẹ̀ sórí òṣùpá, ọ̀rọ̀ yìí á tún ru sókè lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn kan á ní Amẹ́ríkà ti ń ta òṣùpá. Àwọn kan á ní irọ́ ni, ta ni í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nítorí dọ́là kan. Àwọn mìíràn á máa béèrè ibi tí wọ́n ti lè ra díẹ̀. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó máa lọ́jú pọ̀.

## Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Oṣù Kẹsàn-án 2020 ni NASA kọ́kọ́ kéde pé òun ń wá olùtajà. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: kí ilé-iṣẹ́ náà bu erùpẹ̀ tí kò dín ní gíráàmù 50, tí kò sì ju gíráàmù 500 lọ, níbikíbi lórí òṣùpá. Kí ó ya fọ́tò erùpẹ̀ náà àti ibi tó ti bù ú. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lé NASA lọ́wọ́ níbẹ̀ lórí òṣùpá, láì gbé e wá sáyé rárá. Owó náà yóò wọlé lẹ́ẹ̀mẹta: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé, ìdá mẹ́wàá nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbéra, ìyókù nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Nítorí náà, owó àkọ́kọ́ tó tọ́ sí Lunar Outpost jẹ́ sẹ́ǹtì 10. NASA sì san án.

Àwọn mẹ́ta yòókù béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ ispace ti Jàpáánù béèrè dọ́là 5,000, ẹ̀ka rẹ̀ ní Luxembourg béèrè 5,000, Masten Space Systems ti California sì béèrè 15,000. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 25,001. Lójú àjọ tí ń ná ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù lọ́dún, owó yẹn kò tó nǹkan, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti ń lọ sí òṣùpá tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. NASA kò sì torí erùpẹ̀ dá ọjà yìí. Jim Bridenstine, tó jẹ́ olórí àjọ náà nígbà yẹn, sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni lè bu nǹkan lórí òṣùpá, kí ó tà á, kí ẹlòmíràn rà á, kí òfin má sì bá ẹnikẹ́ni wí. Rìsíìtì ni wọ́n ń wá.

Rìsíìtì náà kò tíì bọ́ sí i. Masten wọko gbèsè ní 2022. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ispace rán lọ já lulẹ̀, ó sì fọ́ ní oṣù Kẹrin 2023. Eruku tó bá bà lé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà nígbà tó bá ń balẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kà sí ọjà. Lunar Outpost fi ọkọ̀ kékeré kan tó ní táyà sínú Athena, ọkọ̀ òfurufú tó dé nítòsí góńgó gúúsù òṣùpá ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2025, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni Athena fi balẹ̀ nínú kòtò, ọkọ̀ kékeré náà kò sì ráyè jáde. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọkọ̀ kejì ti ispace tún fọ́, òun àti rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tó gbé ṣọ́bìrì dání láti bu erùpẹ̀ náà.

## Ṣé kì í ṣe iyanrìn lásán ni?

Regolith ni àwọn onímọ̀ ń pè é: gbogbo ohun tó tú sílẹ̀, tí kò lẹ̀ mọ́ra, tó bo àpáta mọ́lẹ̀ lórí òṣùpá, lórí Mars, àti lórí àwọn òkúta ńláńlá tó ń yí oòrùn ká. Eruku kíkúnná wà nínú rẹ̀, òkúta tó tó ilé sì wà nínú rẹ̀.

Láyé níbí, òjò, afẹ́fẹ́, gbòǹgbò igi, ekòló àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ló ń sọ àpáta di ilẹ̀. Lórí òṣùpá kò sí ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn òkúta tó ń já bọ́ láti òfurufú ló ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti ń ṣe é fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin. Nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò jó wọn kí wọ́n tó dé ilẹ̀, èyí tí kò tó hóró iyọ̀ pàápàá máa ń fi eré tó ju kìlómítà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lu ilẹ̀. Bí ó ti lù ú, ó fọ́ ohun tó bá níbẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ooru rẹ̀ sì tún yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ di gíláàsì, gíláàsì náà á wá lẹ àwọn hóró tó wà nítòsí pọ̀ di ìṣù wúruwùru. Èyí tó ń fọ́ ń fọ́, èyí tó ń lẹ̀ ń lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe pẹ́ tó níta ni ìṣù gíláàsì inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, ìyẹn sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí erùpẹ̀ kan ti pẹ́ lójú oòrùn tó.

Oòrùn náà ní ipa tirẹ̀. Ohun tí ń tú jáde lára rẹ̀ láìdúró, pàápàá hydrogen àti helium, máa ń wọ awọ ara hóró kọ̀ọ̀kan. Àwọn ègé irin tó kéré púpọ̀ máa ń hù lára hóró náà, débi pé òòfà lè fa eruku òṣùpá.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ jù ni bí hóró rẹ̀ ti rí. Iyanrìn etí òkun wa dán, ó rí roboto, nítorí omi ti yí i kiri títí etí rẹ̀ fi kú. Ti òṣùpá kò ní ohun tí yóò yí i. Ẹnu rẹ̀ mú bí ó ti mú lọ́jọ́ tó fọ́. Bí ìdajì rẹ̀ ni kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Lórí àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú tí a máa ń rí láti ayé, ó jìn tó mítà 4 sí 5 kí a tó kan àpáta. Lórí àwọn òkè funfun tó dàgbà jù wọ́n lọ, ó lè jìn tó mítà 10 sí 15.

## Kí ló dé tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú fi ń bẹ̀rù eruku?

Kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé ọkọ̀ á rì. Ní 1955, Thomas Gold, onímọ̀ kan tí a kò lè fojú di, sọ pé eruku lè ti kún inú àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ òṣùpá. Àwọn kan gba ọ̀rọ̀ náà débi pé wọ́n rò pé ohun tó bá balẹ̀ síbẹ̀, ilẹ̀ á gbé e mì. Nígbà tó di oṣù Kejì 1966, Luna 9 ti Soviet balẹ̀ jẹ́jẹ́, kò rì. Surveyor 1 ti Amẹ́ríkà náà balẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, kò rì. Ẹ̀rù yẹn parí, òmíràn sì rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ènìyàn débẹ̀.

Ìtànṣán oòrùn máa ń lé iná mànàmáná sára eruku náà, nítorí náà ó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo: aṣọ, gíláàsì ojú, ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹnu rẹ̀ tó mú sì ń họ ohun tó bá lẹ̀ mọ́. Apollo ni ètò tí Amẹ́ríkà fi gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá. Àwọn ọmọ Apollo 17, tó lọ kẹ́yìn ní oṣù Kejìlá 1972, rí i bó ti rí. Òòlù Gene Cernan ló ṣèèṣì kọ́ ìbòrí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn kiri, apá kan rẹ̀ sì kán. Ohun kékeré ni, bí ó bá jẹ́ pé ayé ni. Lórí òṣùpá, bí táyà yẹn ti ń yí ni ó ń da eruku dúdú lé wọn lórí, lé ẹ̀rọ wọn lórí, eruku dúdú sì máa ń gba oòrùn mọ́ra débi tí ẹ̀rọ á fi gbóná kọjá agbára rẹ̀. Wọ́n mú máàpù mẹ́rin tí wọ́n gbé wá, wọ́n fi téèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n yọ lára iná inú ọkọ̀ dè é mọ́ ibi tó kán. Bí wọ́n ṣe rí ìbòrí tuntun nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀ tí wọ́n bọ́ àṣíborí, eruku náà fọ́n káàkiri. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò Apollo ni ó sọ pé òórùn ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ló ń rùn. Imú Harrison Schmitt, òun nìkan ṣoṣo tó jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó tẹ òṣùpá, dí pa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n lò lórí ilẹ̀. Àwọn tó ń gbèrò Artemis, ètò tí Amẹ́ríkà fẹ́ fi dá ènìyàn padà sórí òṣùpá, ń sọ̀rọ̀ gbígbé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró fi wọ̀ ọ́.

Lábẹ́ eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí, ilẹ̀ le. Gígún tí òkúta ti ń gún un fún bílíọ̀nù ọdún ti mú kí àwọn hóró rẹ̀ há mọ́ra. Ní 1971, Dave Scott ti Apollo 15 fẹ́ gbẹ́ ihò mítà mẹ́ta láti ki ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ilẹ̀ sínú rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, nǹkan bí mítà kan àti ààbọ̀ ni ó dúró sí. Nígbà tó tún fẹ́ fa ọ̀pá mìíràn tó ti gún wọlẹ̀ jáde, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n jọ fi èjìká gbé e.

Lónìí, ohun tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ eruku ni iná ìdí ọkọ̀. Nígbà tí Apollo 12 balẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1969, ó dúró ní nǹkan bí mítà 160 sí Surveyor 3 tó ti wà níbẹ̀ láti 1967. Àwọn arìnrìn-àjò náà gé ègé díẹ̀ lára Surveyor wálé. Wọ́n rí i pé eruku tí ẹ́ńjìnnì Apollo 12 fẹ́ ti ha ọ̀dà ara rẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè méjì bá wá fẹ́ wà lórí òkè kan náà ní góńgó gúúsù, ẹni tó bá ń balẹ̀ yóò máa fi eruku ta ẹ̀rọ ẹnìkejì. Kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò dá a dúró lójú ọ̀nà.

## Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ti Mars àti àwọn òkúta òfurufú rí?

Rárá o. Ohun tó sì ti kó ìtìjú bá àwọn onímọ̀ jù nìyẹn. Ọkọ̀ InSight dé Mars ní oṣù Kọkànlá 2018 pẹ̀lú ọ̀pá kan tí àwọn ará Jámánì ṣe, tó yẹ kó máa gún ara rẹ̀ wọlẹ̀ títí tí yóò fi dé mítà márùn-ún. Ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé ni kí erùpẹ̀ máa já lé e lára kí ó dì í mú, kí ó má baà fò sẹ́yìn bó ti ń gún. Erùpẹ̀ ibẹ̀ kò já. Ó dì pọ̀, kòtò sì là yí ọ̀pá náà ká. Wọ́n fi apá rọ́bọ́ọ̀tì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lórí, ọdún méjì kọjá. Ní oṣù Kìíní 2021 wọ́n fi í sílẹ̀, orí rẹ̀ kò tíì ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ nísàlẹ̀.

Ní Bennu, òkúta òfurufú tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì kìlómítà, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2020, apá ọkọ̀ OSIRIS-REx kan ilẹ̀, ilẹ̀ kò sì ta á padà rárá. Ó wọ inú rẹ̀ tó ìdajì mítà. Bí kì í bá ṣe pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tì í sókè, ì bá máa lọ. Gíráàmù 121.6 ni ó gbé dé aginjù Utah ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti rí mẹ́rìnlá nínú ogún amino acid tí ara ohun ẹlẹ́mìí ń lò.

## Kí wá ni wọ́n ń lé nínú erùpẹ̀ òṣùpá?

Àwọn kan ń lé omi. Ní oṣù Kẹwàá 2009, NASA mọ̀ọ́mọ̀ sọ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lu kòtò Cabeus nítòsí góńgó gúúsù, níbi tí oòrùn kì í dé, ohun tó tú jáde sì fi hàn pé bí ìdá márùn-ún sí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún erùpẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ omi dídì. Omi ni ènìyàn ń mu. Bí wọ́n bá pín in sí hydrogen àti oxygen, ó di epo rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Oxygen alára wà nínú erùpẹ̀ náà níbi gbogbo, ó ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó so mọ́ silicon, irin àti àwọn mìíràn pinpin. Iná púpọ̀ ni yóò tú u.

Helium-3, gáàsì kan tí àwọn kan gbà pé a lè fi pèsè iná mànàmáná, ni ó ń gbé ariwo jù lórí ẹ̀rọ ayélujára. Òótọ́ ni pé oòrùn ti fi sínú erùpẹ̀ náà, òótọ́ ni pé ó ṣọ̀wọ́n láyé, wọ́n sì ń lò ó láti mú kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù tutù. Ilé-iṣẹ́ Interlune ti Amẹ́ríkà kéde ní 2025 pé ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára fẹ́ ra lítà mẹ́ta lọ́wọ́ òun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Mílígíráàmù díẹ̀ ló wà nínú tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ kan. Ká ní ó tó 10, ẹni tó bá fẹ́ kìlógíráàmù kan ní láti se tọ́ọ̀nù 100,000 erùpẹ̀ lórí iná, lórí òṣùpá. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá tún rí àwòrán tó ní òṣùpá yóò pèsè iná fún gbogbo ayé láìpẹ́.

Àwọn onímọ̀ ní tiwọn ń lé ìtàn. Apollo kó kìlógíráàmù 382 wálé láàárín 1969 sí 1972. Ọkọ̀ mẹ́ta ti Soviet kó nǹkan bí gíráàmù 300. Chang'e-5, ọkọ̀ Ṣáínà, mú gíráàmù 1,731 wá ní 2020, òkúta inú rẹ̀ sì jẹ́ ti bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, tó túmọ̀ sí pé òṣùpá ṣì ń tú iná jáde nígbà tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti kú. Ní oṣù Kẹfà 2024, Chang'e-6 tún gbé gíráàmù 1,935 dé láti ẹ̀yìn òṣùpá tí a kì í rí láti ayé. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ti pé bóyá a lè fi dáko ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò. Ní 2022, Anna-Lisa Paul àti Robert Ferl ti Yunifásítì Florida jáde pẹ̀lú àbájáde ohun tí wọ́n gbìn sínú gíráàmù 12 erùpẹ̀ Apollo, bíi gíráàmù kan fún irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ hù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbòǹgbò wọn kò dàgbà bó ti yẹ, ewé wọn kò fẹ̀ tó, àwọn kan pọ́n. Ìyà ń jẹ ewéko náà, pàápàá èyí tó wà nínú erùpẹ̀ Apollo 11, tó pẹ́ níta jù.

## Kí ni òfin sọ?

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1967 lórí òfurufú ni ìpìlẹ̀. Orí kejì rẹ̀ sọ pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ gba òṣùpá tàbí ohun mìíràn lójú ọ̀run ṣe tirẹ̀, ì báà jẹ́ nípa àṣẹ, nípa lílò, nípa gbígbé ibẹ̀ tàbí lọ́nà mìíràn. Orí kìíní sì sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló lómìnira láti lò ó. Kò sí ìlà kan tó dárúkọ ohun tí a bá bù kúrò nílẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni gbogbo àríyànjiyàn wà.

Ẹni tó bá gbé oko rí yóò mọ ìyàtọ̀ náà. Àgbẹ̀ tó dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ni iṣu tó bá wà, kò sì tìtorí èyí sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Ohun tí Amẹ́ríkà ń sọ kò jìnnà sí i: a kò sọ pé a ni òṣùpá, erùpẹ̀ tí a bá bù la ni. Òfin tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá 2015 sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Luxembourg ṣe tirẹ̀ ní 2017, United Arab Emirates tẹ̀ lé e ní 2019, Jàpáánù ní 2021.

Ìdáhùn àwọn tó ta kò ó ni pé àgbẹ̀ yẹn ń san ìṣákọ́lẹ̀. Lórí òṣùpá, ta ni wọn yóò san án fún? Iṣu sì ń ta padà lọ́dún tó ń bọ̀. Yìnyín tí wọ́n bá kó nínú kòtò Cabeus kò ní padà síbẹ̀.

Àdéhùn òṣùpá ti 1979 gbìyànjú láti dáhùn. Ó pe òṣùpá àti ohun inú rẹ̀ ní ogún gbogbo ọmọ aráyé, ó sì ní kí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣètò bí wọn yóò ṣe pín èrè rẹ̀ nígbà tí kíkó o bá ti fẹ́ ṣeé ṣe. Amẹ́ríkà kò bá wọn dá sí i, Rọ́ṣíà kò sí níbẹ̀, Ṣáínà kò sí níbẹ̀, Nàìjíríà náà kò sí níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ kò tó ogún, Saudi Arabia sì ti jáde.

## Ta ló wà lápá ibo?

Ní oṣù Kẹwàá 2020, Amẹ́ríkà àti orílẹ̀-èdè méje mìíràn bẹ̀rẹ̀ Àdéhùn Artemis. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bíbu nǹkan kúrò lórí òṣùpá fúnra rẹ̀ kò túmọ̀ sí gbígba òṣùpá ṣe tẹni. Ó tún fàyè gba agbègbè ààbò yíká ibi iṣẹ́, kí ẹlòmíràn má baà fẹ́ eruku lù ú. Àwọn tó fọwọ́ sí i ti ju àádọ́ta lọ. Alátakò rẹ̀ ń sọ pé ohun tí wọ́n ń pè ní agbègbè ààbò lè di ọgbà olódi ní ibi tí yìnyín bá wà. Àjọ òfurufú Rọ́ṣíà ti kọ́kọ́ fi àṣẹ tí Ààrẹ Trump pa lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Kẹrin 2020 wé ìwà amúnisìn.

Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ní ètò tiwọn, ibùdó ìwádìí kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí góńgó gúúsù kan náà. Gúúsù Áfíríkà dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2023. Ṣùgbọ́n ìlà tó pín ìhà méjèèjì kò gún régé tó bí ìròyìn ṣe ń sọ. Ọsirélíà wà nínú àdéhùn 1979 àti ti Artemis. Òfin Amẹ́ríkà láti 2011 kò sì jẹ́ kí NASA bá Ṣáínà da òwò pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ nígbà tí Ṣáínà pín erùpẹ̀ Chang'e-5 fún àwọn onímọ̀ òkèèrè ní 2025, yunifásítì méjì ní Amẹ́ríkà wà lára wọn.

## Èyí tó ti wà láyé ńkọ́? Ṣé ènìyàn lè rà á?

Ti Apollo jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí kì í tà á. Èyí tí wọ́n tíì tà ní gbangba kò pọ̀. Àwọn ègé mẹ́ta tí Luna 16 ti Soviet kó wá, tí wọn kò tó gíráàmù kan, ni Sotheby's, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà gbàǹjo, ta ní dọ́là 442,500 ní 1993, tí wọ́n tún tà ní 855,000 ní 2018. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àpò Neil Armstrong. Àpò tó kó erùpẹ̀ Apollo 11 sí ṣèèṣì bọ́ sínú ọjà gbàǹjo ìjọba, obìnrin kan sì rà á ní dọ́là 995 ní 2015. Ó fi ránṣẹ́ sí NASA pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, NASA bá mú un dání. Ilé-ẹjọ́ dá a padà fún un, ó sì tà á ní dọ́là mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ní 2017.

Ní ti àwọn tó ń ta pulọ́ọ̀tì orí òṣùpá lórí ẹ̀rọ ayélujára, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1980. Kò sí ìjọba kan tó ka ìwé rẹ̀ sí. Ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe ti Èkó nìkan.

## Kí ló kan Nàìjíríà?

Nàìjíríà àti Rùwáńdà ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí Àdéhùn Artemis, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2022. Àdéhùn náà kì í ṣe òfin tí ilé-ẹjọ́ lè fi mú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìjọba wa gbà pé a lè bu erùpẹ̀ òṣùpá ká sì ni ín. Nàìjíríà tún wà nínú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní ìlú Vienna. Ọmọ Yorùbá kan, Adígún Adé Abíọ́dún, ló ṣe alága rẹ̀ ní 2004.

Ìgbìmọ̀ yẹn ló gbé àwùjọ kan kalẹ̀ láti kọ ìlànà tí gbogbo ayé yóò jọ tẹ̀ lé lórí kíkó ohun àlùmọ́nì òfurufú. 2027 ni iṣẹ́ wọn yẹ kó parí. Nínú ohun tó wà lórí tábìlì wọn ni bóyá orílẹ̀-èdè tí kò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ní ìpín kankan nínú èrè, tàbí ìmọ̀ nìkan ni wọn yóò máa pín fún un. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti bu gíráàmù 50 tirẹ̀ tó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ NASA kí ìwé náà tó jáde, Amẹ́ríkà á ní ọjà tó ti wáyé láti tọ́ka sí níbẹ̀.